Tí tírélà bá gbé ohun olóró kọjá ní Zuba, ta ló máa mọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀nà Kaduna sí Abuja ni mo ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ mi, àlùbọ́sà àti tòmátì ni mo sábà máa ń kó. Tá a bá dé ṣẹ́kípọ́íǹtì, sójà á fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ọkọ̀, á fi irin gún àpò méjì mẹ́ta, ó parí nìyẹn. Mo wá ń rò ó pé tí ẹnìkan bá tọ́jú nǹkan tó ní rédíéṣọ̀n, ìtànṣán tí ojú ò rí, sábẹ́ àlùbọ́sà, irú èyí tí wọ́n lè fi ṣe bọ́ǹbù, ta ló máa mọ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀rọ kan wà tó máa ń gbọ́ òórùn ẹ̀, pé kí ìjọba rà á sí gbogbo ṣẹ́kípọ́íǹtì láti Kano títí dé Zuba. Ọ̀rẹ́ mi kejì ní ẹ̀rọ yẹn gan-an ló máa fún àwa awakọ̀ ní jẹjẹrẹ. Díẹ̀ ló kù ká jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èwo ni ká gbà?

*

Àbúrò mi, ti jẹjẹrẹ yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀, torí ẹ̀rọ méjì ni àwọn èèyàn ń pè ní orúkọ kan. Àkọ́kọ́ ni sìkánà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń lò ní ibùdókọ̀ ojú omi, ìyẹn máa ń ta X-ray sí ẹrù kó lè ya fọ́tò inú ẹ̀, òun ní ìtànṣán tiẹ̀ lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí awakọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ibi. Ìkejì ni portal monitor, òpó méjì tó dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí ọkọ̀ á rọra gba àárín wọn kọjá. Èyí ò ta nǹkan kan sára ẹnikẹ́ni. Etí ló tẹ́ sílẹ̀. Ike kan wà nínú ẹ̀ tó máa ń tan ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí ìtànṣán gamma bá ti bà á, ẹ̀rọ míì á máa ka ìmọ́lẹ̀ yẹn, tó bá ti pọ̀ ju iye tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, álààmù á ké. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike yẹn, ọ̀pá tí gáàsì helium-3 wà nínú ẹ̀ ń dúró de neutron, irú rédíéṣọ̀n míì. Gba àárín ẹ̀ kọjá nígbà ẹgbẹ̀rún, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan.

Mo sọ pé iye tó máa ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí kò síbi tí rédíéṣọ̀n ò sí. Ó wà nínú ilẹ̀ tá à ń tẹ̀, ó wà nínú búlọ́ọ̀kù ilé, àpáta Zuma gan-an ní díẹ̀ tiẹ̀.

Bí mo ṣe mọ gbogbo èyí ni pé ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé gauge fún àwọn tó ń ṣe títì ní Abuja àti Nasarawa. Gauge yẹn la fi ń wò ó bóyá ilẹ̀ tí wọ́n kì ti le tó kí wọ́n tó da ọ̀dà lé e. Cesium-137 tó ní rédíéṣọ̀n wà lẹ́nu ọ̀pá ẹ̀, americium, tí òun náà ní rédíéṣọ̀n, pẹ̀lú beryllium wà nínú àpótí ẹ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n wá fún mi ní ditẹ́ktọ̀ kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ rédíéṣọ̀n, tí mo máa ń so mọ́ bẹ́líìtì.

*

Ó wá ku ti ọ̀rẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n gbé e sí gbogbo ṣẹ́kípọ́íǹtì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pọ̀, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ ni pé tá a bá ti ní ẹ̀rọ, ààbò ti dé nìyẹn. Mi ò gbà.

Wo nǹkan tó ń gba ọ̀nà tìẹ yẹn kọjá lójúmọ́. Fatiláísà NPK ní potassium nínú, potassium ní rédíéṣọ̀n díẹ̀, àpò kan ò jẹ́ nǹkan kan àmọ́ tírélà kan odindi lè mú kí álààmù ké. Òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, táìlì ilé, gbogbo ẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ká má tíì wá sọ ti tantalite àti columbite, àwọn òkúta kùsà tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀ ní Nasarawa àti Plateau. Uranium àti thorium, tí àwọn méjèèjì ní rédíéṣọ̀n, máa ń wà nínú wọn, yanrìn tí wọ́n dà nù látijọ́ níbi tí wọ́n ti ń wa tánganran ní Jos náà ní monazite tó ní thorium nínú, àwọn kan sì ti fi kọ́lé. Tantalite míì wà tó le débi pé òfin ìrìnnà ka òun fúnra ẹ̀ sí ẹrù onírédíéṣọ̀n, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé, ó gbọ́dọ̀ ní àmì lára. Gbogbo àwọn tó gbé ìwọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ ajé wọn ni, bí ìwọ náà ṣe ń ṣe tìẹ.

Ẹnìkan kọ ọ́ sí mi pé ìtàn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń sọ, pé ó ń mú ẹ̀rọ ké, àsọdùn ni. Lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, òótọ́ ló sọ. Lórí tírélà tó kún bámú, ó lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ kí ló kàn wá, fatiláísà ni tiwa.

Ohun tó ń yanjú ẹ̀ ni ditẹ́ktọ̀ ọwọ́ tó lè sọ orúkọ nǹkan náà. Kálukú wọn ló ní ohùn tiẹ̀, bí ọmọ ṣe ń dá ohùn ìyá ẹ̀ mọ̀ láàrin ọjà. Cesium-137 wà ní 662 keV, ìyẹn ìwọ̀n agbára ìtànṣán, cobalt-60 ní méjì, 1,173 àti 1,332, potassium inú fatiláísà wà ní 1,461. Ẹni tó bá kọ́ ọ dáadáa, ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa fi mọ̀ bóyá fatiláísà ni tàbí wàhálà. Ẹni tí ò kọ́ ọ ńkọ́? Ọ̀kan nínú méjì ló máa ṣe. Bóyá kó dá tírélà dúró sínú oòrùn títí tòmátì á fi jẹrà, bóyá kó sún un tì nígbà tó bá ti ké lẹ́ẹ̀mẹwàá tí kò rí nǹkan kan, kó wá pa álààmù yẹn pátápátá. Ọjọ́ tó bá pa á ni èyí tá à ń wá á kọjá.

*

Kí n sọ èyí tó ṣojú mi kí n má gbàgbé, ó jẹ mọ́ ọn.

Ọjọ́ kan mo wọ bọ́ọ̀sì ní Berger, Kubwa ni mò ń lọ, ditẹ́ktọ̀ mi ṣì wà ní bẹ́líìtì, ó ṣì wà ní títàn. A ò tíì kọjá Gwarinpa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí mo ṣe yí ara pa dà ó ń ké sí i, ẹ̀yìn mi ló ti ń wá. Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, ó ta ìborùn mọ́ ọrùn. Mo rọra bi í bóyá ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fún òun ní oògùn kan gbé mì torí gẹ̀gẹ̀ ọrùn. Iodine-131 nìyẹn, ó yé mi lójú ẹsẹ̀, ìdajì agbára ẹ̀ á ti lọ láàrin ọjọ́ 8. Àmọ́ àwọn yòókù nínú ọkọ̀ ti gbọ́ ariwo, ẹnìkan pariwo bọ́ǹbù, wọ́n fò sílẹ̀, wọ́n ní dandan kí obìnrin yẹn má pa dà wọlé mọ́. Mo ṣàlàyé títí, wọn ò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́bàá títì. Mo dúró tì í níbẹ̀, mo jìnnà sí i díẹ̀, títí ọmọ ẹ̀ fi fi mọ́tò wá gbé e.

Inú ń bí mi di òní. Ilé ìwòsàn tó fún un lóògùn ò fún un ní ìwé kékeré kan ṣoṣo tó máa sọ pé ara ẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ ké fún àkókò báyìí báyìí, wọn ò sì sọ fún un pé kó yẹra fún bọ́ọ̀sì tó kún fún ọjọ́ mélòó kan. Láwọn ibi tí wọ́n ti gbé portal sí ibodè, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló máa ń yọ aláìsàn. Tí wọ́n bá gbé e sí Zuba lónìí láìṣètò èyí, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fà bọ́ọ́lẹ̀ níwájú ìbọn á jẹ́ ìyá ẹnìkan tó ń ti ibi ìtọ́jú bọ̀.

*

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ nǹkan tó yẹ ká máa bẹ̀rù gan-an. Bọ́ǹbù tó wà lórí ẹnu gbogbo èèyàn, ó wà, mi ò ní kò sí, mo ń bọ̀ níbẹ̀. Àmọ́ èyí tó ti pa èèyàn nílé ayé, tó ń bá a lọ láti máa pa wọ́n, inú irin kọ́ńdẹ́m ló wà.

Oṣù Kẹsàn-án 1987, ìlú Goiânia ní Bràsíl. Àwọn méjì wọ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, wọ́n gbé e tà fún oní-kọ́ńdẹ́m. Cesium-137 inú ẹ̀ ń tan búlúù lóru. Ó wu èèyàn. Wọ́n pín in fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́fà kan fi ọwọ́ tó fi ṣeré nínú ẹ̀ jẹun. Èèyàn 4 ló kú, ọmọ yẹn wà lára wọn, wọ́n bá cesium yẹn lára èèyàn 249, wọ́n sì yẹ àwọn tó lé ní 110,000 wò. Kò sí apániláyà kankan níbẹ̀. Ní Delhi ní 2010, cobalt-60 láti inú ẹ̀rọ yunifásítì tí wọ́n tà bí irin àlòkù tún pa ẹnìkan nínú ọjà kọ́ńdẹ́m.

Tiwa náà ńkọ́? December 2002, wọ́n jí sọ́ọ̀sì americium-beryllium, ìyẹn kóró onírédíéṣọ̀n tí àwọn elépo ń kì sínú kànga, láàrin Warri sí Port Harcourt. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí i. Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti rí i? Jámánì, láàrin irin kọ́ńdẹ́m. Ronú sí i, nǹkan yẹn jáde kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí, ó la òkun kọjá, ẹ̀rọ tó wà níbi tí wọ́n ti ń kó kọ́ńdẹ́m lọ́hùn-ún ló gbọ́ ọ.

IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà, ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀, láti 1993 ìṣẹ̀lẹ̀ tó lé ní 4,000 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fi tó wọn létí, ju ìdajì àwọn tí wọ́n jí nínú ẹ̀ lọ, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti jí i. Olè ò mọ nǹkan tó jí, ọkọ̀ ló fẹ́. Ní Mẹ́síkò, oṣù Kejìlá 2013, wọ́n fi ìbọn gba tírélà tó gbé cobalt-60 láti ilé ìwòsàn kan ní Tijuana, wọ́n ti yọ cobalt kúrò nínú ààbò ẹ̀ kí wọ́n tó rí i nínú pápá. Ìwọ náà mọ ọ̀nà Kaduna ju èmi lọ, o mọ iye Hilux tí wọ́n ti gbà níbẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwa náà. Awakọ̀ wa dúró jẹun ní Keffi, gauge wà lẹ́yìn Hilux, ṣéènì tó yẹ kó dè é mọ́lẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó. Kó tó jẹun tán, àpótí ti lọ. Òfin ní kí iléeṣẹ́ fi tó NNRA létí, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ rédíéṣọ̀n, òfin 1995 ló dá wọn sílẹ̀, 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Abuja níbí ni ọ́fíìsì wọn wà, wákàtí kan péré ni láti Keffi tí a wà nígbà yẹn. Ọ̀gá wa ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé wọ́n á gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ wa, pé ká lọ wá a fúnra wa. Ọjọ́ méjì ni mo fi rìn, mi ò lè sùn. Mararaba la ti bá a. Mo gbé ditẹ́ktọ̀ rìn láàrin irin, fìríìjì àtijọ́, ẹńjìnnì, ó dákẹ́, ó dákẹ́, ìgbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ọmọlanke kan ló bẹ̀rẹ̀ sí í yára ké. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣa kọ́ńdẹ́m, tí wọ́n ń pè ní baban bola, ọmọ tí kò lè ju ọdún 17 lọ, ti gbé ayùn irin lé ọ̀pá gauge. Ó ti rí i pé irin yẹn dára. Díẹ̀ ló kù.

Gauge kéré, agbára ẹ̀ ò sún mọ́ ti Goiânia rárá. Síbẹ̀ tó bá gé ọ̀pá yẹn, nǹkan tó máa bọ́ sínú àpò ṣòkòtò ẹ̀ ò ní jẹ́ kí itan ẹ̀ wà bákan náà mọ́. Ọmọ yẹn wo àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó wà lára àpótí, èyí tó ń kìlọ̀ pé rédíéṣọ̀n wà níbẹ̀, ó bi mí ní Hausa bóyá fáànù ni wọ́n yà síbẹ̀.

*

Ẹnìkan tún ní gbogbo àlàyé mi ò wúlò, torí ẹni tó bá mọ nǹkan tó ń ṣe á fi òjé dì í, ditẹ́ktọ̀ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan.

Apá kan òótọ́ ni, mi ò ní bò ó. Uranium tí wọ́n ti ṣe le fún bọ́ǹbù kì í pariwo, ohùn ẹ̀ tó hàn jù wà ní 186 keV, òjé tí kò nípọn tó ìka ọwọ́ á pa á mọ́lẹ̀. Plutonium, tí wọ́n tún lè fi ṣe bọ́ǹbù, yàtọ̀, ó ń tú neutron jáde, òjé ò sì dí neutron lọ́wọ́, àfi kí wọ́n tún fi ike tàbí omi tó pọ̀ yí i ká. Cobalt-60 àti cesium tó lágbára fẹ́ òjé púpọ̀, àpótí ẹ̀ á wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Ibi tí sìkánà ti wúlò nìyẹn: òpó yẹn dákẹ́, àmọ́ fọ́tò X-ray á fi hàn pé nǹkan dúdú kan wà láàrin àlùbọ́sà tí ìtànṣán ò lè gbà kọjá. Kí ni òjé ń wá nínú àlùbọ́sà? Ọ̀kan ń gbọ́, ọ̀kan ń wò, tí o bá ra ọ̀kan láìra èkejì o ti fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀.

Fún irú uranium yẹn, ohun tó dára jù ni kó má tiẹ̀ sí nítòsí. A ti ṣe é níbí. Rìákítọ̀ kékeré NIRR-1, ẹ̀rọ núkílíà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ní Ahmadu Bello University ní Zaria, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004 pẹ̀lú uranium tó le ju 90% lọ, bíi kìlógíráàmù kan. Ní 2018 wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí èyí tí kò tó 20%, wọ́n gbé ti àtijọ́ pa dà sí Ṣáínà. Àwọn kan gbà pé wọ́n já nǹkan gbà lọ́wọ́ wa. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ o. Rìákítọ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, nǹkan tí ẹnikẹ́ni lè fẹ́ jí ló lọ.

Ti uranium tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Arlit ní Nìjẹ́r, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó máa yà sọ́dọ̀ wa, ìyẹ̀fun tí wọ́n máa ń fi tírélà gbé lọ sí Cotonou tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó jìnnà sí bọ́ǹbù gan-an, wọn ò tíì ṣe é le rárá. Kò yẹ kó sọnù, àmọ́ kò yẹ kó dá oorun mọ́ ẹ lójú.

*

Mo ń pa dà bọ̀ sórí ìbéèrè. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi níbo ni kí ẹ̀rọ lọ, mi ò ní kọ́kọ́ dárúkọ ṣẹ́kípọ́íǹtì. Jibiya, Illela, Maigatari, gbogbo ibodè àwa àti Nìjẹ́r yẹn ló ní ọ̀nà ẹ̀bùrú tí ọ̀kadà àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbà, ẹni tó ní nǹkan láti fi pamọ́ ò ní gba àárín òpó. Ẹnu géètì iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin ni mo máa kọ́kọ́ gbé e sí, torí gbogbo kọ́ńdẹ́m ibẹ̀ ló ń parí sí. Tí sọ́ọ̀sì kan bá bọ́ sínú iná ìyọ́rin, ó ti wọnú irin tí wọ́n máa fi kọ́lé nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó ń rìn. January 2023, kóró cesium-137 kan, 8 mílímítà ní gígùn, 6 ní ìbú, já bọ́ láti ara tírélà ní Ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà, lójú ọ̀nà tó gùn tó 1,400 kìlómítà. Ọkọ̀ tó gbé ditẹ́ktọ̀, tó ń sáré 70 kìlómítà ní wákàtí kan, ló gbọ́ ọ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejì, nǹkan bíi mítà méjì sí etí ọ̀nà. Ọkọ̀ méjì mẹ́ta bẹ́ẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin Abuja, Kaduna àti Kano, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n kà, á ṣe ju ogójì òpó tí ẹnikẹ́ni ò mọ ìtumọ̀ igbe ẹ̀ lọ.

Ìwọ gẹ́gẹ́ bí awakọ̀, tí wọ́n bá gbé ẹrù wá tó kéré tó sì wúwo gbáà, tó ní àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta dúdú lórí yẹ́lò, bi wọ́n fún ìwé ẹ̀. Kò níwèé? Má gbé e. Tó bá ti já sílẹ̀ tàbí tó fọ́, má fọwọ́ kàn án, má jẹ́ kí èrò yí i ká, kí gbogbo èèyàn fi ó kéré tán mítà 30 sílẹ̀, kó o pe ọlọ́pàá kí wọ́n pe NNRA. Ìjìnnà ló ń gbani: tó o bá jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì, nǹkan tó ń bà ọ́ á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

*

Àfikún. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó rò pé fáànù ni yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Láti 2007 ni àmì tuntun ti wà, pupa, tó ní agbárí òkú àti ẹni tó ń sá lọ lára, ọmọ tí ò mọ̀wé á lóye ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo tẹ méjèèjì sórí bébà, mo mú aládùúgbò mi tó gbọ́ Hausa dáadáa dání, a lọ bá àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́m ní Dei-Dei. Wọ́n gbọ́ wa, wọ́n fún wa ní omi mu. Bàbá àgbàlagbà kan wo bébà yẹn pẹ́, ó wá ní: tí irú ẹ̀ bá dé ọwọ́ mi, mo ti fowó rà á ná. Tí mo bá pe ìjọba, wọ́n á gbé irin lọ, wọ́n á tún gbé mi. Tí mo bá tà á, a máa jẹun lálẹ́. Ta ló máa san owó irin mi fún mi?

Mi ò rí nǹkan fi dá a lóhùn. Àbúrò, sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé tí owó òpó yẹn bá wà nílẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ ti bàbá yẹn sọ́tọ̀ nínú ẹ̀.